Ẹyẹ Tí A Kò Rí

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé orí òkè, ẹyẹ kan súfèé lẹ́yìn ilé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì dìde láti lọ ṣílẹ̀kùn. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé ọkọ òun ti kú.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹnu géètì ni yóò ti súfèé: kúkúrú méjì, gígùn kan tó ń wálẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi á fi súfèé tirẹ̀ dá a lóhùn, á wá lọ ṣílẹ̀kùn. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà méjì ń ṣe bí ọmọdé. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ náà, oorun kò kun ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní igun yàrá, eruku bò ó. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì máa ń mọ ẹni tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ tí mo bá rí i. Bí ooru ṣe mú nílùú, mo gba ìsinmi, mo ní ká lọ wo ẹyẹ àti ẹranko lórí òkè, bóyá atẹ́gùn tútù á jẹ́ kó sùn.

Bàbá Awò ni gbogbo èèyàn ń pe ẹni tó ni ilé tí a wọ̀ sí, nítorí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi bóyá tó bá ń wẹ̀. Ó ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ìdí nìyẹn tí òun fi ra awò. Ó fi ọ̀kẹ́rẹ́ hàn wá, ó fi àṣá tó kọ́ ìtẹ́ sí pàlàpálá òkúta hàn wá. Tó bá rí ẹyẹ tó sá sáàárín ewé, á súfèé bíi tirẹ̀, ẹyẹ náà á sì jáde wá wo ẹni tó ń pè é. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa pé ẹyẹ tí ojú wa kò bá tíì rí, a ò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Etí mi gbọ́, ọkàn mi ò gbà.

Láràárọ̀ ni súfèé náà ń dún láti inú igi ẹ̀yìn ilé, a ò sì rí ohun tó ń sú u. Mo sọ fún Bàbá Awò. Ó dúró, ó gbọ́ ọ, ó bọ́ awò lọ́rùn, ó fi kọ́ ìṣó ara ògiri. Ó ní àwọn ẹyẹ kan wà tó máa ń sín ohun tí wọ́n bá gbọ́ jẹ. Mo bi í pé ta ló wá súfèé yìí níbí tí wọ́n fi gbọ́, nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò gun òkè yìí rí.

“Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ẹ mú ẹ̀gbọ́n yín sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.”

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní wá títí di ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun mọ́. Ó jókòó ti fèrèsé, ó ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má dáhùn.

“Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi,” ni ó wí. “Tó bá jẹ́ òun ni, kó wọlé. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni, jẹ́ kí n fojú mi rí i, kí n lè sùn.”

Ẹ̀rù bà mí, ó sì rẹ èmi náà. Mo rò ó pé èmi kọ́ ni wọ́n ń pè; tí mo bá dáhùn, kò ní ohun tí yóò fi mí ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàbá Awò lọ wẹ̀ lódò, mo mú awò lára ìṣó, mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn ilé, mo sì sú súfèé tó máa ń fi dá ọkọ rẹ̀ lóhùn.

Gbogbo ẹyẹ dákẹ́. Ẹyẹ kékeré kan, àwọ̀ eérú, fò sórí ẹ̀ka tí kò léwé. Súfèé náà sì dún: kúkúrú méjì, gígùn kan. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ó ní ẹyẹ kékeré báyìí ló wá ń dà á láàmú. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Èmi kò mú awò kúrò lójú. Kòkòrò wà lẹ́nu ẹyẹ náà, ó pa ẹnu dé mọ́ ọn gbọin-gbọin. Bí ó ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni súfèé tún dún, kì í ṣe láti orí igi, ẹ̀yìn ọrùn mi ni.

N kò sọ fún un. Ta ló fẹ́ jí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn? Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Bàbá Awò wò wá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ta ló dáhùn nínú yín?” N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ránṣọ padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Lónìí ó wá kí mi, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tó rán fún mi wá. Ó béèrè ohun tó jẹ́ kí ojú mi jìn báyìí, ó rò pé iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù ni. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, súfèé dún ní ẹnu géètì mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kò gbórí sókè. Mo bi í bóyá ó gbọ́ nǹkan kan.

“Kí ni kí n gbọ́?” ni ó wí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn gbẹ̀yìn. Súfèé náà tún dún, gígùn rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ẹni tó ti dúró pẹ́. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá dáhùn ló máa ń lọ ṣílẹ̀kùn. Ó ti rẹ̀ mí. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo dìde.