Ọ̀rìnlénígba Ni, Kì í Ṣe Irinwó

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé yìí lé lọ́wọ́, má tíì ká a sápò. Gbọ́ ohun tí ojú ọkùnrin kan rí, ẹni tó ní òun ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé, ì báà ṣe Ọlọ́run.

Mẹkáníìkì ni. Irinwó ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọkọ̀ pupa kan tó fi tọ́bò sí, ẹ̀rọ tó ń fipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ lè sáré ju bí wọ́n ti ṣe é lọ. Ó ní agbára irinwó ẹṣin ló wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, á ní, "Ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n. Àbí ẹ mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ ni?"

Lóòótọ́, ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe wọ̀n ọ́n ná. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Wàá kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ rẹ ṣe wúwo tó fún un. Bí ọkọ̀ bá wá sáré láti orí ìdúró dé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, á ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà, á sì fi ṣírò agbára. Irinwó purọ́ fún ẹ̀rọ. Ó fi ọ̀ọ́dúnrún kílò lé ìwúwo ọkọ̀. Ojú ọ̀nà tó tún lọ wọ̀n ọ́n sí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ta ni kò ní sáré níbẹ̀? Ọmọlanke gan-an á sáré.

Onítáyà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Irinwó ló ti ń tún táyà ṣe. Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

"Ọ̀gá mi, lílọ nìkan lẹ wọ̀n. Ẹ yí i padà, kó gòkè bọ̀, ká pa méjèèjì pọ̀, ká pín in sí méjì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Onítáyà, gbájú mọ́ táyà rẹ."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní bá yín wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kiri o. Òun mọ bí ẹ ṣe wúwo tó. Ẹ wá sọ́dọ̀ Jésù, ọ̀gá mi."

Irinwó bú sẹ́rìn-ín. "Kí Jésù rẹ lọ wá ọ̀mùtí gbà là. Èmi ò mutí, mi ò jalè, mi ò tẹ̀ lé obìnrin kiri. Kí ni màá máa ronú pìwà dà sí?"

Háà! Ẹni tó bá purọ́ pẹ́, òun náà á gba irọ́ ọ̀hún gbọ́. Nígbà tó yá, Irinwó gbàgbé pé ọwọ́ òun lòun fi bu kílò kún ọkọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ kí ìyá ìyàwó. Bí wọ́n ti ń gun òkè kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń wọ́ lọ níwájú wọn. Irinwó bọ́ sí òdìkejì títì kó lè kọjá rẹ̀. Ọkọ̀ míì yọ lókèèrè.

"Baálé mi, ṣé á gbà wá?"

"Irinwó ni!" Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọkọ̀ ò fò bó ṣe rò. Agbára tó ní gan-an ló fi ń lọ. Ìyàwó kígbe, "Jésù!" Irinwó já ọkọ̀ sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òun ò ní ju ìhà bíbó lọ; apá ìyàwó rẹ̀ kán síbi méjì.

O ò ní gbàgbọ́ ohun tó sọ nílé ìwòsàn níwájú ìyá ìyàwó. "Igbe tó ké ló da ọkàn mi rú. Ká ní kò kígbe ni, a ti kọjá."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà! Kí ló dé tí o ò lè pa ẹnu mọ́?"

Ìyàwó, tí wọ́n ti di apá rẹ̀ mọ́ àyà, wá ń bẹ ọkọ. "Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí." Irinwó sì ní kò burú, òun ti dárí jì í! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ọ̀dájú. Ó dá ìyàwó lápá tán, òun ló tún ń dárí jini.

Nígbà tí Onítáyà gbọ́, inú bí i gidigidi. "Ọ̀gá mi, igbe yẹn kọ́. Ọkọ̀ yín ò pé irinwó."

"Kò pé kẹ̀? Ó dáa! Níṣojú gbogbo yín ni màá ti wọ̀n ọ́n. Bó bá pé, o ò gbọdọ̀ dárúkọ Jésù sí mi létí mọ́."

"Bí kò bá wá pé ńkọ́?"

Irinwó ti gbé sípánà rẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà tó ní rólà nílẹ̀. Wọ́n á gbé táyà ọkọ̀ lé e, wọ́n á fi bẹ́líìtì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà á máa yí lójú kan, kọ̀ǹpútà á sì ka agbára ọkọ̀. Rólà ò béèrè ìwúwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ pupa ṣe tán, Irinwó wà á lọ, àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ́ńjìnì bú ramúramù. Onírólà wo kọ̀ǹpútà. "Ọ̀rìnlénígba. Mo ti ka agbára tí jíà ń jẹ kó tó dé táyà mọ́ ọn."

"Irọ́ ni! Tún un ṣe!"

Ó dín méjì.

"Ooru ló fà á!"

Wọ́n gbé fáànù ńlá síwájú ẹ́ńjìnì. Ọ̀rìnlénígba géérégé.

"Ọ̀gá," ni onírólà wí, "ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ yín rí. Kò bá yín jà."

Àwọn mẹkáníìkì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú wọn. Onítáyà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Irinwó ò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́: ẹ má bínú, ẹ má bínú. Ìtìjú bò ó. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti rin gbindin.

"Onítáyà, kí ni mo fẹ́ wí fún Ọlọ́run?"

"Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ fún un."

"Olúwa, mi ò pé. Mi ò pé rí. Mo gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi ru ẹlòmíì. Jésù, ìwọ tí o kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, gbà mí."

Kò lọ sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ilé ìyá ìyàwó, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú, ló gbà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mọ́mì, igbe ọmọ yín kọ́. Èmi ni. Mo purọ́ agbára ọkọ̀, mo sì fi irọ́ náà wa ọmọ yín sí kòtò."

"O ò tiẹ̀ nítìjú!" ni ìyá jágbe.

"Mo ní in, Mọ́mì. Òun ló gbé mi wá."

Ìyàwó bú sẹ́kún. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí igbe yẹn."

"O ò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni kí o dárí jì."

Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́ tó dáa sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó nà án.

Ọ̀rìnlénígba làwọn mẹkáníìkì ń pè é báyìí, láti fi bú u. Á ní, "Ẹ pè é sókè dáadáa, mo ń jẹ́ ẹ."

Ìwọ wá ńkọ́? Má sọ fún mi pé o kì í mutí. Èmi ò béèrè ìyẹn. Má sọ pé o ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà tí wọ́n ti bí ọ. Mo ní, ta ló ń ru ẹ̀bi rẹ? Jésù ti rù ú lórí igi àgbélébùú, o sì tún gbé e lé ìyàwó rẹ lórí, tàbí ọkọ rẹ, tàbí ọmọ tí kò lè dá ọ lóhùn. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Sọ òótọ́ fún un lónìí, má sún un dọ̀la. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ nílé fún ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe.