Ta Ló Fa Ìlà Sára Mọ́tò Ọ̀gá Dídán?

"Ìwọ ni! Ìwọ ni! Ta ló tún kù nínú ilé yìí tó lè ṣe irú iṣẹ́ ibi báyìí, bí kò ṣe ìwọ?"

Ọ̀gá Dídán ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń na ìka sí ìyàwó rẹ̀ lójú, tí itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ rẹ̀, nítorí ìdí maṣíìnì tó ti ń rán kọ́tìnì oníbàárà ni ariwo ti fà á jáde. Ó wo ara mọ́tò. Ìlà funfun kan gùn tààrà láti ilẹ̀kùn iwájú títí dé ibi iná ẹ̀yìn. Ẹni tó fà á ti fi ìṣó tẹ̀ ẹ́ wọlé débi irin.

Ẹ má rò pé mọ́tò lásán là ń sọ o! Mọ́tò Amẹ́ríkà ni, dúdú minimini, ó gùn débi pé imú rẹ̀ á ti wọ ọgbà kí ìdí rẹ̀ tó kúrò lójú títì. Ó ti wà kí ìgbéyàwó wọn tó wà, síbẹ̀ kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Irin funfun tó yí i ká ń dán bíi dígí. Aláwọ pupa ni ìjókòó rẹ̀, ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì àwa ẹlòmíràn lọ. Mọ́tò tuntun á kọjá, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó. Ṣùgbọ́n bí èyí bá ń bọ̀, aṣọ́nà á ti dìde kí i kó tó mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Dídán, tó ń tún aago ọwọ́ ṣe jẹun, gba mọ́tò yìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, láti ọjọ́ náà ni kò ti ní àlejò tí kì í pè wá wo bọ́tìnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rántí bí ẹnì kan ṣe ń jókòó.

"Mo ti kọ́ ọ bí mo ṣe ga tó," á wí, á tẹ bọ́tìnì, ìjókòó á sì rọra sún fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi bá ara rẹ̀ mu. "Ó mọ olówó rẹ̀ ju ajá lọ! Èmi nìkan ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ."

Ìyàwó kò fọwọ́ kan sítẹ́rìn mọ́tò náà rí. Òun ló rán aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó, tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ́ ẹ nínú kó má baà ha á lára. Ó rò pé ọ̀nà àtidé ọkàn ọkọ nìyẹn. Àwọn obìnrin kan máa ń fi sùúrù pa ara wọn, ẹ̀yin ará!

"Ọkọ mi, mi ò fọwọ́ kàn án," ni Ìyàwó wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ba nǹkan yín jẹ́ ṣe?"

"Ìlara! O ń jowú mọ́tò!"

Ibẹ̀ ni Sísí Kékeré ti yọ jáde láti inú ilé. Ọmọbìnrin kúkúrú yìí, ẹlẹ́nu dídùn, ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà òjò. Ọ̀gá Dídán ló mú un wálé, tó ní ẹbí ni.

"Àǹtí, ẹ kúkú jẹ́wọ́," ló wí, ó fọwọ́ sáyà. "Mo rí yín! Ìṣó wà lọ́wọ́ yín. Bí mo bá purọ́, kí n má rí ọ̀la!"

"Èmi? Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mò ń bù fún ọ kí n tó bù fún ara mi?"

"Mo ní mo rí yín!"

"Ó tó!" Ọ̀gá Dídán kígbe. "Lọ kó ẹrù rẹ! Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ilé yìí!"

Níbo ni Ìyàwó fẹ́ lọ? Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, ilé wọn ti wó, kò bímọ tí ì bá lọ bá gbé. Ilé yìí nìkan ló kù fún un láyé. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì gáréèjì, ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Ọkọ rẹ̀ yí ẹ̀yìn sí i, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ìlà náà bí ẹni ń nu ojú aláìsàn.

Ìyá ọkọ ló gbà á. Ìyá àgbà yìí, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó jẹ́ pé òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní kó ẹrù níbí! Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ bá mi pe àkọ́bí mi wá."

Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Dídán tó dé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó sanra, ikùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Òdìkejì ìlú ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti wá kẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Ó yí mọ́tò ká, ó mi orí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ra lórí irin dídán yẹn, gbogbo ilé ló rí i pé ó ti ń wọ̀ ọ́ lójú. Mọ́tò tí kò jẹ́ kí adájọ́ rántí ẹjọ́!

"Òkùnkùn wà nínú gáréèjì yìí," ló wí níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ ká gbé e síta, ká lè rí ìlà yìí dáadáa."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e, Bọ̀dá," Ọ̀gá Dídán yára wí.

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá jàre! Ṣé èmi náà ò lè jókòó nínú nǹkan dáadáa ni?"

Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ìdí wọlé. Kò wọlé! Orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ sítẹ́rìn, ikùn rẹ̀ há. Ìjókòó ti sún síwájú pátápátá, ó sì ga bí àga ọmọdé.

"Kí ló dé? Ta ló wa ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn?"

Ojú Ọ̀gá Dídán pọ́n. "Èmi ni. Bóyá iná mọ́tò ló—"

Ẹ̀gbọ́n kò dúró gbọ́. Ó tẹ bọ́tìnì àkọ́kọ́. Ìjókòó náà sún sẹ́yìn, ó wálẹ̀, ó bá ọkùnrin gíga mu. Ìyá na ọ̀pá sí bọ́tìnì kejì.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ má tẹ ìyẹn!"

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú, ó ń gòkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìpariwo, títí ó fi dúró níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ga bí ọkọ rẹ̀. Ìyá kò lè wakọ̀. Ojú gbogbo wọn yí sí Sísí Kékeré.

"Mi ò mọ ọkọ̀ wà!" ló kígbe, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Ìjókòó yìí mọ̀ ọ́," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọmọ ta tilẹ̀ ni ọ́? Ìyá, ọmọ ta ni nínú ẹbí wa?"

Ìyá ya ẹnu. "Ẹbí wa kẹ̀? Ẹbí ìyàwó mi ni. Ọkọ rẹ̀ ló sọ fún mi! Kí wọ́n má baà ní mò ń lé ará ilé ìyàwó mi ni mo ṣe ń fara da gbogbo ìwàkuwà rẹ̀!"

"Ìyá!" Ìyàwó kígbe. "Ó ní ọmọ àbúrò yín ni! Nítorí yín ni mo ṣe ń bù fún un kí n tó bù fún ara mi. Mi ò bi yín léèrè, kí ẹ má baà rò pé mi ò fẹ́ràn èèyàn yín."

Háà! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òṣìkà ọkùnrin fi ọ̀wọ̀ tí obìnrin méjì ní fún ara wọn bo àlè rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀!

"Alágàbàgebè!" Ẹ̀gbọ́n bú jáde. "Aláìnítìjú! Àti ìwọ, olè, tí o wá fẹnu èké ba obìnrin yìí jẹ́, tí o ba mọ́tò jẹ́—"

"Èmi kọ́!" Sísí Kékeré fò sókè. "Ẹ má di gbogbo ẹrù yìí lé èmi nìkan lórí o! Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà yẹn! Ó ní bí òun bá lé Àǹtí lásán, Ìyá ò ní gbà. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ mọ́tò nìkan ni gbogbo ayé máa gbà pé òun ò lè dárí jì. Mo dúró tì í. Ó ń fà á, ó ń sunkún."

Ọ̀gá Dídán fọwọ́ bo ìlà náà.

Ìyàwó sún mọ́ ọn. Gbogbo ìbéèrè ayé ló wà níbẹ̀ tó lè bi í, ẹyọ kan péré ló jáde.

"Ṣé lóòótọ́ lẹ sunkún?"

Ó tẹ orí ba.

Ìyá kò gbẹ́jọ́ mọ́. Ó ní kí ọmọ òun jáde nínú ilé bàbá rẹ̀, kí ó máa lọ bá mọ́tò gbé. Sísí Kékeré ti di ẹrù rẹ̀; nígbà tí Ọ̀gá Dídán ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un, ó pòṣé.

"Inú mọ́tò ni kí n máa sùn? Ẹ ṣeré!" Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fẹsẹ̀ rìn lọ, kò wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà wa mọ́tò rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìlà funfun lára, àwọn aládùúgbò ń hó lé e lórí. Irọ́ rẹ̀ ti rìn jìnnà, òtítọ́ ọ̀sán kan péré ló bá a.

Wọ́n wá ń kí Ìyàwó kú oríire. Ó dá wọn lóhùn, ó padà sídìí maṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Ìyá tẹ̀ lé e wọlé, ó jókòó tì í.

"Ọlọ́run ti dá ọ láre, ìyàwó mi. Ilé yìí tìrẹ ni. Má ronú mọ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá." Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò láyà aṣọ rẹ̀. "Ọjọ́ tí oyún yẹn ń bà jẹ́ lára mi, ẹ ò sí nílé. Ẹ̀jẹ̀ ti dé kókósẹ̀ mi. Mo ní kí ó gbé mi lọ sí ọsibítù. Ó ní kí n dúró síta ná, kí òun kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó mọ́tò. Kò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó ń tẹ́ ọ̀rá, ó ń fọwọ́ nà án kó má ká jọ."

Ìyá dì í lọ́wọ́ mú.

"Mo sì dúró, Ìyá. Mo dúró dè é."