Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Oore

"Ẹ bá mi yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Èyí ò dún! Ṣé ẹ ò jẹun kẹ́ ẹ tó wá ni? Mo ní ẹ bá mi yin Olúwa!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, Halelúyà náà sì wá dún débi pé ọmọ jòjòló kan jí, ó figbe ta. Adédayọ̀, bàbá Títílọpẹ́, ló di máìkì mú bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ wọn ní Lilburn, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ kò ní gbà pé òun ni, nítorí kọ̀ǹpútà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ọmọ ló gùn ún lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ọmọ a sì máa sọ odi di aláròyé.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọmọbìnrin mi, Títílọpẹ́! Àkádẹ́mì tó ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin tí yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun ti gbà á! Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kendra Tolliver, wọ́n ní ṣé Tolliver kejì ló dé yìí!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Kò sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Atlanta tí kò mọ Kendra Tolliver. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n góòlù rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àwọn èèyàn. Ohun kan ni Adédayọ̀ kò sọ fún ìjọ: àkádẹ́mì kò tíì gba ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní kí Títílọpẹ́ wá ṣe ìdánwò ní Sátidé tó ń bọ̀ ni. Adédayọ̀ ò kà á sí irọ́. Ó ní ìgbàgbọ́ lòun fi gbà á, pé bí èèyàn bá ti dúpẹ́ ṣáájú, ojú á ti Sátánì.

Títílọpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dìde. Lábẹ́ gáùn rẹ̀, orúnkún òsì rẹ̀ ti wú bí àkàrà inú epo. Ní Ọjọ́bọ̀, níbi ìgbáradì, ó yí padà lójijì, ohun kan sì dún kẹ́ nínú orúnkún náà. Praise, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ kan náà, nìkan ló mọ̀. Títílọpẹ́ ti pinnu pé nínú mọ́tò, bí wọ́n bá ti ń darí sílé lẹ́yìn ìsìn, òun á sọ fún bàbá òun. Máìkì ti ṣíwájú rẹ̀.

"Tolliver wa, jó wá síwájú!" ni Pásítọ̀ wí.

Ó jó. Ẹsẹ̀ kan ló fi ń jó, ó ń wọ́ ìkejì. Àwọn ìyá ìjọ rò pé ijó tuntun àwọn ọmọ ìwòyí ni, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tó padà sí àyè rẹ̀, Praise fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Títí, sọ fún wọn now."

"Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Daddy ti jẹ́rìí."

Òótọ́ ni. Nínú ìjọ wọn, ẹ̀rí tí a bá ti jẹ́, kò sí ẹni tó máa ń padà wá ṣa á nílẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan ń dun òun lẹ́yìn ìdúpẹ́, wọ́n á ní kó má fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìbùkún jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ìyá Adédayọ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Grandma, jókòó ní pálọ̀, ó ń jẹ gúgúrú. Ọ̀yọ́ ni ìyá àgbà náà ti wá kí wọn, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ajá aládùúgbò gbó. Ó rí Títílọpẹ́ tó ń fẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí akàn.

"Àbẹ̀kẹ́! Láàárín èmi pẹ̀lú ẹ, ta ni arúgbó? Ṣebí èmi lẹ ń fà dìde bí ẹní ń fa iṣu tó ta jinlẹ̀! Ìjẹta tẹ́ ẹ gbé mi dìde, ṣé àga ò bá mi dìde ni?" Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀.

"Ó kàn rẹ̀ mí ni, Grandma."

Ẹ̀rín Grandma rọlẹ̀ díẹ̀. "Ó rẹ ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ ni?"

Kí Títílọpẹ́ tó dáhùn, bàbá rẹ̀ wọlé, fóònù lọ́wọ́. Ó tún fẹ́ fi fọ́tò méjèèjì han ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ wò ó. Nígbà tí Tolliver wà lọ́jọ́ orí Títí, góòlù rẹ̀ ò tó báyìí!"

"Tólífà yìí, ṣé ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Ó ti fẹ̀yìn tì, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, Dayọ̀, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣé wọ́n ya fọ́tò àkísà obìnrin yìí mọ́ ọn?"

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. A ti dúpẹ́ ná."

"Oore àná làwọn àgbà ní ká dúpẹ́ fún, ká lè rí òmíràn gbà. Ta ló rán ẹ pé kó o dúpẹ́ oore Sátidé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni àyè ti ṣí sílẹ̀. Títílọpẹ́ la ẹnu. "Daddy..."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i, ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé. "Kí ni, Tolliver mi?"

"Kò sí nǹkan, sir."

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó wọ yàrá, ó tún wo fídíò ìdíje àṣekágbá tí gbogbo ayé mọ Tolliver sí. Báńdéèjì wà ní orúnkún obìnrin náà, síbẹ̀ ó gbá góòlù méjì wọlé. Bí Tolliver bá lè ṣe é, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Tolliver kejì náà á ṣe é. Péjú, ìyá rẹ̀, ì bá ti rí orúnkún yẹn, nítorí nọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe lọ́sẹ̀ náà. Bí ìyá bá ń wọlé, ọmọ á máa jáde, ṣòkòtò gígùn sì bo ẹsẹ̀ ọmọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ní pápá kan ní Norcross, dókítà àkádẹ́mì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ibì kankan ń dùn ọ́?"

"Rárá, ma," ni Títílọpẹ́ wí.

Praise tó tò sẹ́yìn rẹ̀ wolẹ̀.

Tolliver fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń wò wọ́n. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó dé fìlà tó bo ojú. Títílọpẹ́ ti fi báńdéèjì di orúnkún, ó ti gbé oògùn ìrora mì, nígbà tí bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ti gbọ́ ẹ̀rí bàbá rẹ̀ lóòótọ́. Ó gbá ọ̀kan wọlé. Adédayọ̀ fò sókè, ó gbá ọkùnrin tí kò mọ̀ rí mọ́ra. Lẹ́yìn náà, Praise taari bọ́ọ̀lù sí i, ó sì ku òun àti aṣọ́lé nìkan. Àtamátàsé tó gbọ́n ì bá gbá a tààrà. Ṣùgbọ́n yíyí tí Tolliver máa ń yí ló wù ú kó yí, lójú Tolliver. Ó gún ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó yí.

Ohun tó já nínú orúnkún rẹ̀, aṣọ́lé gbọ́ ọ.

Nígbà tí yóò fi la ojú, Kendra Tolliver ló rí. Obìnrin náà ò kúnlẹ̀. Ó di èjìká dókítà mú, ó rọra fi ìdí lélẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọnrangandan síwájú bí pákó.

"Ìgbà wo ló ti ń dùn ọ́?" ló bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Láti Ọjọ́bọ̀ tó lọ lọ́hùn-ún." Omijé ò jẹ́ kí ohùn ọmọ náà já gaara. "Ẹ̀yin náà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orúnkún tó wú. Mo rí fídíò yín."

Tolliver fọwọ́ kan orúnkún ọ̀tún tirẹ̀. "Góòlù méjì yẹn lo rí. Ọmọbìnrin mi kékeré máa ń na ọwọ́ sí mi kí n gbé òun gun àtẹ̀gùn ilé wa, mi ò lè gbé e. Kò sẹ́ni tó ya fídíò ìyẹn." Ó nu iyanrìn kúrò lójú Títílọpẹ́. "Ká ní o sọ fún wa láàárọ̀ yìí ni, a ì bá ní kó o lọ tọ́jú rẹ̀, kó o padà wá nígbà ìsinmi gígùn. Mo ti ń wò ọ́ tipẹ́. A ì bá dúró dè ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Títílọpẹ́ ju orúnkún lọ.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ṣàlàyé pé ó jọ pé iṣan orúnkún náà kàn sán díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni. Ìsinmi ì bá ti wò ó sàn. Ní báyìí ó ti já. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, kò sì ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù fún bí ọdún kan. Bóyá eré rẹ̀ á padà sípò, dókítà ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Péjú dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. "Ilé nọ́ọ̀sì lẹ ń gbé o! Orúnkún ọmọ olọ́mọ ni mò ń tọ́jú kiri, tọmọ tèmi ń wú nínú ilé mi!" Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

Adédayọ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Títí, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn, Daddy. Ẹ ti gba máìkì."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó fi bojú. "Mo rò pé ìgbàgbọ́ ni mò ń ṣe. Àṣé ìkánjú ni. Mo jẹ̀bi ẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lórí pápá yẹn, wọ́n bi ẹ́ léèrè, ẹnu ẹ lo sì fi ní rárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

Grandma, tí kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, wá fọwọ́ pa á lórí. "Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ká apá mọ́ra, a rò pé o ń sùn ni."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Títílọpẹ́ tún ìrìn kọ́ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìdíje àwọn ilé ìwé dé, orí bẹ́ńṣì ló ti ń wo ikọ̀ rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Praise forí gbá ẹlòmíràn, ó ṣubú, ó sì tètè dìde. Nígbà ìsinmi, ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Títí, bọ́ọ̀lù méjì ni mò ń rí."

"Lọ sọ fún Coach."

"Ṣé orí ẹ pé? Àwọn yunifásítì tó ń wá agbábọ́ọ̀lù wà níbí! Má sọ o. Èmi ò sọ tìẹ."

Títílọpẹ́ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ òpin ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó tiro lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n yọ Praise kúrò. Ikọ̀ wọn fìdí rẹmi.

Praise bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, inú ń bí i. "Ọ̀dàlẹ̀! Mo pa àṣírí ẹ mọ́!"

"O pa á mọ́ lóòótọ́." Títílọpẹ́ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè títí àpá gígùn náà fi hàn. "Wò ó. Ohun tó o pa mọ́ nìyí."

Praise wo àpá náà. Ó yí padà, ó lọ, kò sì kí i fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Títílọpẹ́ fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tó ń fi yín wé akọni kò lè yá yín ní ara akọni. Ibi tó ń dun oníkálukú, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ jáde, àwọn tó fẹ́ràn yín jù lọ ni yóò máa pàtẹ́wọ́ fún yín níbi tẹ́ ẹ ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rẹ́ yín tó ń fi tirẹ̀ pamọ́, ẹ bá a sọ ọ́ fún àgbà, bó tilẹ̀ máa bínú.