Téèpù Tó Bọ́ Sínú Omi

Télọ̀ kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń kun òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn bọ̀ láti ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta, ó ń jẹ bisikíìtì, àpò kékeré tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Télọ̀ nu ojú, ó tún un wò. Apá ọ̀tún náà ni. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rán ẹ̀wù yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ọdún mọ́kànlá tó sì ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, apá òsì ló ń rán àpò sí.

Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé béèyàn bá bi í ní ìbéèrè kan, mẹ́ta ni yóò fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì, Lọ́yà kò la ẹnu àfi láti ju bisikíìtì sí i. Ó kàn ń yọ́jú wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ba Télọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyí. Ṣé ọmọ òun lòún ń gbé lọ sílé báyìí?

Àárọ̀ ọjọ́ náà dùn. Ooru mú débi pé ògiri ilé ń jóni lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀, Tíṣà, ló sì ní kí àwọn lọ fi omi tútù rẹ ara. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti rí i pé téèpù tí ìyàwó òun fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé omi lo fẹ́ lọ wọ̀n ni?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lábẹ́ àpáta náà, adágún kan wà tó dákẹ́ rọ́rọ́. Baba tó ń mú àlejò yíká rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀.

"Ẹ lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Orí nìkan ni kí ẹ má kì bọ̀ ọ́. Òjìji tí ẹ ń wò nínú ẹ̀ yẹn, òun náà ń wò yín."

Tíṣà ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ń wá ẹ̀bùn ni. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi láti wo ara rẹ̀, Télọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tì í, ni téèpù bá bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó di inú omi. Ta ni kò mọ ohun tí téèpù jẹ́ fún aránṣọ? Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́, ó ki orí bọmi dé èjìká, ó sì mú un. Nígbà tó gbórí sókè, Lọ́yà ti ya ẹnu, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn. Nígbà tí orí òun wà lábẹ́ omi, ta ló ń ṣọ́ ọmọ? Bí ọmọ náà bá ki orí bọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó gbé ojú sí ojú pópó kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ ara pátákó kankan kà. Ó ní omi tó kó sí òun lójú ni.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ó gba yàrá ìránṣọ rẹ̀ lọ tààrà. Kẹ̀kẹ́ ara ẹ̀rọ, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, wà lápá òsì. Ẹ̀wù Tíṣà wà lára ìṣó, àpò rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Orí Télọ̀ wú. Ọmọ nìkan kọ́ ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ, wọ́n ti pààrọ̀ ilé.

Ó fi ọgbọ́n ṣe é, ó gbé ìrẹsì sórí tábìlì, ó ń ṣọ́ wọn. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu.

"Mọ́mì," Lọ́yà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ló dé tí ẹ ń fọwọ́ òsì jẹun?"

"Ọ̀tún nìyí."

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Ó fa téèpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Nọ́ńbà ara ẹ̀ náà ti kọjú sẹ́yìn."

Télọ̀ wò ó. Ení, èjì, ẹ̀ta, ó tò gbọọrọ, kò sí èyí tó kọjú sẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tó ti rí láti ìgbà tó ti gbórí kúrò nínú omi, téèpù yìí nìkan ló rí kà. Òun àti téèpù náà ni wọ́n sì jọ jáde.

Ó yé e wàyí. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Tíṣà dìde, ó fa ọmọ lọ́wọ́ wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n Télọ̀ gbọ́ wọn.

"Dádì, Mọ́mì ṣì wà nínú omi. Mo rí wọn. Wọ́n ń gbá omi látìsàlẹ̀, wọ́n ń pè mí."

"Rọra sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo òrùka ọwọ́ ẹ̀ ná. Ọwọ́ òsì ni mo fi òrùka ìyàwó mi sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, a ó padà lọ fa Mọ́mì ẹ jáde nínú omi nísinsìnyí."

Télọ̀ wo òrùka náà. Ó ronú kan obìnrin tó wà lábẹ́ omi, tó ń gbá omi. Lẹ́yìn náà ó ronú kan Lọ́yà, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọmọ yìí, pé kò sí irọ́ kankan nínú ìyẹn. Òrùka náà há. Ó fi òróró ojú ọbẹ̀ pa á, ó fà á yọ, ó fi bọ ìka ọwọ́ kejì. Ó mú ṣíbí dání ní ọwọ́ tí kò tíì fi jẹun rí, ó ká téèpù, ó jókòó lé e.

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ wá jẹun," ó ní, "oúnjẹ ti ń tutù."