Irin Kíkán Nínú Ọ̀dà Búlúù

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, láàárín òkè tó ga jù lọ́nà náà, ṣáàfù tó ń yí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì kán. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu páànù. Ẹ́ńjìnnì ń ké ramúramù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò dé ilẹ̀ mọ́, ni jíìpù bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn. Aboyún tó ń rọbí wà lẹ́yìn, ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú. Nọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì, òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ táyà. Ó yí ọkọ̀ sí apá òkè, ìdí ọkọ̀ lọ gbá ara ilẹ̀ gìdìgbà, ó dúró. Apá kejì ọ̀nà náà, ọ̀gbun ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn, ọmọ ti dé. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ìyá ọkọ wo jíìpù tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkọ̀ náà gbìyànjú, ó kúkú bímọ kó tó kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àfi Nọ́ọ̀sì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún ọkọ̀ yẹn lókun.

Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fi jíìpù náà sílẹ̀ fún un, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ àjàgbé, ló bá a wá ẹ́ńjìnnì tuntun tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, kó lè máa gbé oògùn àti aláìsàn láàárín abúlé mẹ́fà tó wà lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n náà sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹrù erin lé ewúrẹ́ lẹ́yìn, kó tètè wá nǹkan ṣe sí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà. Gbogbo ohun tó ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnnì dé táyà ló yẹ kí wọ́n mú le. Àwọn ènìyàn ní kó lọ bá Kì-í-kán.

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá ọkùnrin yìí sọ ọ́. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é: IRIN TIWA KÌ Í KÁN. Ẹ̀wù rẹ̀ máa ń gún régé, kò sí ọ́ìlì lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó gbé ṣáàfù méjì tó ń dán fún ọ̀dà búlúù síwájú Nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ fi èyí fa ilé, mà, ilé á tẹ̀lé yín."

Àbúrò bàbá Nọ́ọ̀sì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré, ló kọ́kọ́ yẹ irin tó kán náà wò. Ogójì ọdún ló fi gé irin lẹ́nu ẹ̀rọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń ràn, ó fi àtàńpàkò pa ojú ibi tó ti kán. Ìdajì ń dán bíi fàdákà. Ìdajì kejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú fún ìpẹtà.

Ó ní ibi tó ń dán ló kán lánàá, ṣùgbọ́n ibi tó dípẹtà ti là tipẹ́, kí irin náà tó wọnú ọkọ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà. Àpá ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin méjì pọ̀ yọ síta bí ojú ọgbẹ́.

"Èyí kì í ṣe okun, ọmọ mi," ló wí. "Òkú ni wọ́n wọṣọ fún."

Àwọn méjèèjì lọ bá Kì-í-kán. Kò dààmú rárá. Ó ní ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì ló wúwo jù lórí iná ọkọ̀.

"Ṣáàfù tó bá ọkọ̀ wá ńkọ́?" Bàbá Kékeré bi í.

"Mo ti jù ú nù, bàbá. Ó ti gbó."

"Níbo?"

"Àwọn akólẹ̀ ti kó o lọ."

"Irin tó wúwo tó ọmọ ọdún kan. Wọ́n sì gbé e sínú ìdọ̀tí?"

Kì-í-kán ní oníbàárà ń dúró de òun, kí wọ́n padà wá lọ́la. Nígbà tí wọ́n padà dé, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Ó tú pátákó pàápàá lọ.

Obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà. Ó fetí sí wọn tán, ó ní oníplánǹkì kan àti ọkùnrin kan tó ń fọ́ òkúta ti mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá, ọ̀dà búlúù náà ni. Wọ́n tọpa Kì-í-kán dé ilé tó háyà, onílé ní ó ti kó ẹrù kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, Kì-í-kán ti lọ, tíì tó mu kù ṣì ń rú èéfín lórí tábìlì. Ọlọ́jà náà búra pé òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ṣáàfù gidi méje dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá Kékeré na ọwọ́ sí ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá Nọ́ọ̀sì, láyé ọjọ́un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà, ọ̀gá ilé ìwé orí òkè sáré wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé wà lọ́wọ́ Kì-í-kán láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fóònù pè é pé ó ti parí, kó wá gbé e nílé ìlagi àtijọ́.

"Àwa la máa bá yín gbé e," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí.

Wọ́n bá a tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ọ̀dà sí ibi tó kù. Kò sá. Ó ní títa ṣáàfù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn.

"O ní irin rẹ kì í kán," ọ̀gá ọlọ́pàá sọ.

"Kì í kán, mà."

"Òkè nìyẹn. Wọlé, ìwọ lo máa wà á. Èmi á jókòó tì ọ́."

Lórí ilẹ̀ títẹ́, ó ń wakọ̀ bí ẹni gbé ẹyin sórí. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó dúró. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná.

"Ó ti gbóná. Tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé ojú sókè wo ọ̀nà náà. Òógùn ń ti iwájú orí rẹ̀ ro sórí ẹ̀wù tó gún.

"Ọmọ mọ́kànlá ló máa jókòó síhìn-ín ní ọjọ́ Ajé," obìnrin náà tún rọra sọ. "Tẹ̀ ẹ́."

Kì-í-kán ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó la àárín ilé télọ̀ kọjá, ó fo ògiri, ó já sí ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀ kan. Ibẹ̀ kún fún aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn, funfun báláú, ogójì lórí okùn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fo ògiri náà, kò sí ohun tó mì. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ búlúù kan wà lára aṣọ àkọ́kọ́. Òmíràn wà lára ìkẹta. Lára ìkeje, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé.

Alágbàfọ̀ ti rí i ṣáájú wọn. Ó ti di ìbàdí ṣòkòtò Kì-í-kán mú, ó ń bi í léraléra ta ló máa fọ èyí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Kì-í-kán bẹ àwọn ọlọ́pàá, "ẹ kúkú máa mú mi lọ."

Ní àgọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Àfọ́kù irin ló ń ṣà, á jó wọn pọ̀, á kun wọ́n, á sì ta ṣáàfù gidi tó bá yọ lára ọkọ̀ oníbàárà.

"Níbo lo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì?" ọ̀gá ọlọ́pàá béèrè.

"Mi ò kọ́ ọ, mà."

"Kí lo wá kọ́?"

"Ọ̀dà kíkùn. Pátákó ni mo máa ń kọ."

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé aboyún wà nínú ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó sorí kọ́, kò sì lè gbé e mọ́.

Gbogbo wọn gba ṣáàfù wọn padà. Oníplánǹkì jó yíká tirẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé di mọ́ tirẹ̀ bí ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì dá ti bàbá rẹ̀ padà sínú jíìpù. Ó ní irin rere ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì àná ni wọ́n gé e fún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gé tuntun tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ, ó fi iná yan án, ó rì í sínú ọ́ìlì kó le. Ó pààrọ̀ oríkèé tó so ó mọ́ táyà, ó sì fi jíà tó nípọn sínú àpótí tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún Nọ́ọ̀sì pé tí ènìyàn bá mú ibi kan le, wàhálà á kó lọ síbi tó kàn, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Wọ́n kó àpò yanrìn kún ẹ̀yìn ọkọ̀, bàbá náà jókòó lé yanrìn lórí, Nọ́ọ̀sì sì gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró. Nígbà kẹta, Nọ́ọ̀sì ti ń kọrin.

Ọ̀gá ọlọ́pàá wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú iṣẹ́ tí Kì-í-kán rán an: ó ní tí òun bá parí ẹ̀wọ̀n, ṣé Bàbá Kékeré á lè kọ́ òun ní iṣẹ́ irin, iṣẹ́ gidi. Bàbá náà nu ọwọ́.

"Ẹ sọ fún un pé kó máa bọ̀," ló wí. "Ọdún kìn-ín-ní, ilẹ̀ ló máa gbá. Kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì."