Ohùn Tí Kò Lórúkọ Lára Àwo

Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà nígbà tó já wọ yàrá aránṣọ, wáyà gígùn kan sì wé mọ́ ọn lọ́rùn bí ejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá maṣíìnì yẹn dúró," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "A ń gba orin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìró rẹ̀ ti kó sí i."

Aránṣọ gbójú sókè. "Ṣé orin yín ló máa bá mi parí aṣọ oníbàárà?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ló dá ilé-iṣẹ́ àwo orin ijó náà sílẹ̀ nínú yàrá kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ àlòkù. Àwo méjì tó kọ́kọ́ ṣe, eruku nìkan ló rà wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, àtẹ̀gùn ilé yẹn ò sinmi mọ́. Bó bá ti gòkè wá yá abẹ́rẹ́, yóò gòkè wá dá a padà. Nígbà tó yá, kò mú abẹ́rẹ́ dání mọ́.

Lọ́jọ́ kan, elégbè ò wá. "Mo máa ń gbọ́ ẹ tó o bá ń kọrin sídìí maṣíìnì," ni Oníwáyà wí. "Wá bá mi gbè é, olólùfẹ́ mi."

Aránṣọ kọ̀. Bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkòríta, ti búra pé ọmọ òun ò ní kọrin lójú ayé òun. "Bàbá mi bá gbọ́, mo gbé."

"A ò ní kọ orúkọ ẹ sí páálí àwo náà."

Ìfẹ́ ló tì í. Ó gbè é, àwo kẹta sì jáde.

Àfi bí iná inú koríko gbígbẹ! Ibi gbogbo tí aránṣọ bá yà sí, ohùn ara rẹ̀ ló ń pàdé: nínú ọkọ̀, nílé búrẹ́dì, lójú fèrèsé aládùúgbò. Ṣe ló ń sáré kọjá bí ẹni tó jalè. Èyí tó burú jù ni pé rédíò ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ò dákẹ́. Oníbàárà kan mi orí sí orin náà débi pé díẹ̀ ló kù kí abẹ gé e létí. Síbẹ̀, bàbá ò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa ọmọ. 

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹjọ, bàbá gòkè wá sí yàrá ìránṣọ, àwo náà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún ọmọ níka. Oníwáyà tó jókòó tì í dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

"Orúkọ rẹ̀ dà?" Bàbá na páálí sí i. "Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Orúkọ onígìtá wà níbẹ̀, tìẹ náà wà níbẹ̀. Kí lẹ fi ọmọ mi pè?"

"Ẹ̀rù yín ló bà wá, sà."

Bàbá rọra jókòó. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àbúrò mi obìnrin bá ẹgbẹ́ akọrin lọ, a ò rí i mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti dá ohùn ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọjú sí yàrá ẹ nílé láràárọ̀, bóyá o ti lọ." Ó gbé àwo náà lé orí itan rẹ̀. "Èmi gan-an lẹ̀rù ń bà, ọmọ mi."

Aránṣọ dì mọ́ ọn. "Mi ò lọ síbì kankan, Bàbá. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yìí náà ni."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ àwo náà lẹ́ẹ̀kejì, Oníwáyà mú bírò gòkè wá. 

"Ìfẹ́ mi, orúkọ ta ni ká kọ mọ́ tìẹ? Ti bàbá ẹ ni, àbí tèmi?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín.

"Ti bàbá mi ni kó o kọ sí èyí," ó ní. "Kó o kọ tìẹ sí àwo kẹrin."