Ọ̀nà Tí Sáyẹ́ǹsì Gé Kúrò

"Ẹ tún un sọ, Bàbá. Ẹ má kánjú."

Bàbá àgbà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà fà, ó ń kọsẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹ̀rọ orí tábìlì dákẹ́ díẹ̀, ohùn inú rẹ̀ wá sọ pé: "Kò yé mi."

Ìgbà kẹfà tó sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn nínú ogún ìgbà tí wọ́n ti dán an wò. Ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Sáyẹ́ǹsì káwọ́ lérí. Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ku ọ̀la.

Káfíńtà ni bàbá àgbà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá àti lẹ́nu. Ìyá Sáyẹ́ǹsì nìkan ló lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá náà sì ní aṣọ tó ń rán fún oníbàárà nínú pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lo oṣù mẹ́jọ láti ṣe ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ohùn bàbá, tí yóò sì tún un sọ ketekete fún ará ilé.

Iṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kì í yára mú gbólóhùn kan. Gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ni yóò tò sílẹ̀ bí àwọ̀n: ọ̀nà ń pàdé, ọ̀nà ń yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tirẹ̀. Ọ̀nà tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ni yóò sọ jáde. Àmọ́ ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní kó fi sí i, fún ìgbà tí kò bá sí èyí tó dára tó nínú gbogbo wọn. "Kò yé mi" ló wà ní òpin rẹ̀.

"Yọ ọ́ kúrò," ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í sọ. "Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀rọ dójú tì ẹ́ níwájú èrò ni? Fi gbólóhùn méjìlá sílẹ̀, kó o gé ìyókù. Ohun yòówù kí bàbá sọ, ọ̀kan nínú méjìlá yẹn ló máa bọ́ sí."

"Tí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ò bá sí lára méjìlá ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo máa sọ ohun tí wọ́n máa sọ lọ́la fún wọn. Tá a bá délé, wàá dá a padà."

Sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Síbẹ̀ ó ro ti àtẹ́wọ́, ó fi gbólóhùn méjìlá sílẹ̀, ó sì gé ìyókù, títí kan ọ̀nà ìsàlẹ̀ náà.

Àtẹ́wọ́ ọ̀hún sì wá. Bàbá sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ̀rọ dáhùn nígbà mẹ́wàá láìkọsẹ̀. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ lé ọmọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó ní láti òní lọ, òun á lè jókòó ti iṣẹ́ òun. Ta ló fẹ́ lanu sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ò pé? Sáyẹ́ǹsì ní òun á tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹtì dé, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àmọ́ òun sùn, ó tiẹ̀ sùn dáadáa.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó ń fọ yunifọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé nígbà tí ohùn ẹ̀rọ jáde láti yàrá bàbá: "Ara mi le. Mo fẹ́ sùn." Kò pẹ́, ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Wọ́n ti kọjú sógiri," ìyá rẹ̀ sọ látinú ilé, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. "Oorun ti ń gbé wọn lọ."

Sáyẹ́ǹsì gbọ́ bó ṣe fa kọ́tìnnì, tó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà rántí ọ̀nà tó gé. Ó bu omi sí aṣọ, ó ń fọ̀ ọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n máa gbé oúnjẹ wọlé fún bàbá nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

"Àrùn yẹn ló tún padà dé," dókítà sọ fún wọn lọ́sibítù. "Ká ní ẹ gbé wọn wá ní kété tó bẹ̀rẹ̀ ni, à bá ti rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀mí wọn ò sí nínú ewu mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó kù lẹ́nu wọn, ó ti lọ."

Ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú gbogbo ohùn tó bá gbọ́. Nígbà tó padà délé, Sáyẹ́ǹsì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá tó ṣófo, ó ṣí ti ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tẹ́tí sí i. Ohùn bàbá wúwo, ó ń fà, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ á gbọ́ ọ: orí ń fọ́ mi, ẹ pe dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Kò sí gbólóhùn yẹn lára méjìlá.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jẹ́wọ́ láìfi ọ̀kankan pamọ́. Ìyá náà kò nà án, kò bú u. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi tì í. Ìwọ sì ń gbọ́."

Ká ní ó nà án ni, ì bá sàn fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dá ife ẹ̀yẹ padà fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú wọn.

"Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn ní kò yé òun," ó sọ. "Èmi ni mo tijú, mo wá kọ́ ẹ̀rọ mi láti máa díbọ́n. Nítorí àtẹ́wọ́ yín, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá àgbà mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ òótọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ìtìjú nìkan ló máa ná yín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà ṣì wà láàyè títí dòní, àmọ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí, ohùn náà sì ń pe dókítà.